Midget, Spitfire àbí MGB: ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ asáré àtijọ́ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Láàárín ọdún 1958 sí 1980, àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe oríṣiríṣi ọkọ̀ asáré kékeré, oníjókòó méjì, tí òrùlé wọn jẹ́ aṣọ. Mẹ́ta nínú wọn ló ṣì pọ̀ lójú ọ̀nà dòní, tí ẹ̀yà ara wọn ṣì wà lọ́jà, tí ẹni tó ní gárééjì àti sípánà sì lè fọwọ́ ara rẹ̀ tún ṣe: MG Midget pẹ̀lú ìbejì rẹ̀ Austin-Healey Sprite, Triumph Spitfire, àti MGB. Lotus Elan dùn ún wà ju gbogbo wọn lọ, ṣùgbọ́n owó àti ìtọ́jú tirẹ̀ ga ju èyí tí a ń sọ lọ, nítorí náà a ò ní fi kún un.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ béèrè ni pé èwo ló yára jù. Ìbéèrè yẹn kò ràn yín lọ́wọ́. Kò sí èyí tó yára nínú wọn tí ẹ bá fi wé ọkọ̀ ìdílé òde òní. Adùn wọn wà nínú fífúyẹ́ wọn, nínú bí ìjókòó ṣe súnmọ́ ilẹ̀, àti nínú bí ọwọ́ ìtọ́kọ̀ ṣe ń jẹ́ kí ẹ mọ ohun tí táyà ń ṣe lórí títì. Èyí tó yẹ kí ẹ béèrè ni pé: báwo ni irin ara rẹ̀ ṣe rí? Ẹ́ńjìnì tó kú ní iye tí yóò ná yín, ẹ sì lè mọ iye náà kí ẹ tó tú nọ́ọ̀tì kan. Ara tí ìpáàrà ti jẹ kò ní iye. Ẹ ó gé ibì kan, ẹ ó rí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀. Èyí tí ara rẹ̀ le ni kí ẹ rà, bí ẹ́ńjìnì rẹ̀ tilẹ̀ wà nínú páálí.

Ìran wọn

Sprite àkọ́kọ́ jáde ní oṣù karùn-ún ọdún 1958. Ilé iṣẹ́ Donald Healey ló yà á, ilé iṣẹ́ MG ní Abingdon ló ń tò ó. Iná iwájú rẹ̀ yọ síta lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Frogeye, ojú ọ̀pọ̀lọ́. Ẹ́ńjìnì rẹ̀, 948 cc, wá láti inú ìran A-series, ìran kan náà tó wà nínú Morris Minor tí àwọn àgbà wa mọ̀ dáadáa. Ní 1961, MG Midget dé pẹ̀lú ara tuntun tí òun àti Sprite jọ ń lò. Ní 1962 wọ́n gbé ẹ́ńjìnì 1098 cc sínú rẹ̀, wọ́n sì fi bíréèkì dísìkì síwájú. Ní 1964, sípíríǹgì ẹ̀yìn yí padà, ó di èyí tó gùn tán, ilẹ̀kùn sì ní gíláàsì tí a ń yí sókè. Ní 1966, 1275 cc dé. Ìparí 1974 ni bọ́ńpà dúdú ńlá dé nítorí òfin Amẹ́ríkà, tí ẹ́ńjìnì Triumph 1493 cc sì rọ́pò A-series. Midget tó kẹ́yìn jáde ní 1979.

Spitfire bẹ̀rẹ̀ ní 1962 ní Canley, nílùú Coventry. Giovanni Michelotti, ará Ítálì, ló ya àwòrán rẹ̀ sórí àwọn ẹ̀rọ Triumph Herald, ọkọ̀ mìíràn tí ilé iṣẹ́ kan náà ṣe. Mk3 (Mk ni wọ́n fi ń ka àtúnṣe ọkọ̀ náà) dé ní 1967 pẹ̀lú 1296 cc, Mk IV ní 1970, Spitfire 1500 ní ìparí 1974, wọ́n sì dá a dúró ní 1980.

MGB náà bẹ̀rẹ̀ ní 1962 ní Abingdon, ó parí ní 1980. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ kò yí kúrò ní 1798 cc láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Iye tí wọ́n ṣe, tí a bá ka GT onírùlé irin mọ́ ọn, ju ìdajì mílíọ̀nù lọ. Pípọ̀ yìí ló jẹ́ kí ẹ̀yà ara rẹ̀ rọrùn láti rí ju ti àwọn yòókù.

| | Midget 1275 (1966–74) | Spitfire Mk IV àti 1500 (1970–80) | MGB (1967–74) |
|---|---|---|---|
| Ẹ́ńjìnì | 1275 cc, agbára ẹṣin 65 | 1296 cc. 1493 cc, agbára ẹṣin 71 | 1798 cc, agbára ẹṣin 95 |
| Ìwúwo | nǹkan bí 700 kg | nǹkan bí 780 kg | ju 900 kg lọ |
| Ṣásíì (férémù irin abẹ́ ọkọ̀) | kò dá dúró | ó dá dúró | kò dá dúró |
| Overdrive (jíà àfikún tó ń dín yíyí ẹ́ńjìnì kù ní eré gíga) | kò sí | ẹ lè bá a níbẹ̀ | ẹ lè bá a níbẹ̀ |
| Jíà kìíní | kì í wọlé tí ọkọ̀ bá ń rìn | ń wọlé | ń wọlé |
| Pípààrọ̀ kílọ́ọ̀ṣì | ẹ yọ ẹ́ńjìnì | ẹ yọ gíábọ́ọ̀sì látinú ọkọ̀ | ẹ yọ ẹ́ńjìnì |

Ara ọkọ̀, níbi tí owó ń wọlẹ̀ sí

Midget àti MGB kò ní ṣásíì tó dá dúró. Irin ara wọn fúnra rẹ̀ ló ń gbé ẹ́ńjìnì àti ẹsẹ̀ ọkọ̀, tó sì ń gbé ẹ̀yin tí ẹ jókòó. Nígbà tí kò sí òrùlé irin tí yóò di iwájú mú mọ́ ẹ̀yìn, sill ló ń ṣe iṣẹ́ náà, ìyẹn irin gígùn tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn, láti ẹsẹ̀ òpó ilẹ̀kùn dé iwájú táyà ẹ̀yìn. Tí sill bá jẹrà, ọkọ̀ á tẹ̀ ní àárín.

Àlàfo ilẹ̀kùn ni kí ẹ fi mọ̀ ọ́n. Ẹ wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, níbi tó ti kan ara ọkọ̀: àlàfo yẹn gbọ́dọ̀ dọ́gba láti òkè dé ìsàlẹ̀. Tó bá fún lókè tó sì fẹ̀ nísàlẹ̀, ọkọ̀ ti tẹ̀. Ẹ wá fi jáàkì gbé e lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ ṣí ilẹ̀kùn, kí ẹ sì tún un pa. Tí ilẹ̀kùn tó ń pa dáadáa nílẹ̀ bá há nígbà tí ọkọ̀ wà lókè, sill àti ilẹ̀ ọkọ̀ ti rẹ̀. Ẹ fi aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ wé òòfà, kí ẹ fà á gba gbogbo ìsàlẹ̀ ara ọkọ̀. Níbi tí kò bá ti lẹ̀ mọ́, bọ́dìfílà, ẹ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń dí ihò ara ọkọ̀, ló wà lábẹ́ ọ̀dà.

Lára Midget, ẹ wo ẹsẹ̀ òpó iwájú ilẹ̀kùn kí ẹ tó wo ibòmíràn. Omi tó ń gba abẹ́ apá iwájú wọlé máa ń jókòó síbẹ̀. Ẹ di ilẹ̀kùn tó ṣí mú, kí ẹ gbé e sókè díẹ̀: tí òpó bá ń mì pẹ̀lú ilẹ̀kùn, kì í ṣe ìdè ilẹ̀kùn ló bàjẹ́, òpó ni. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ wo ibi tí sípíríǹgì ẹ̀yìn ti so mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀ lẹ́yìn ìjókòó. Nínú Sprite àti Midget tó ṣáájú 1964, sípíríǹgì ẹ̀yìn jẹ́ ìdajì tí wọ́n ki bọ inú àpótí irin. Gbogbo agbára ẹ̀yìn ọkọ̀ ń kó sí àpótí náà. Tí ó bá ti jẹrà, iṣẹ́ jórinjórin tó mọṣẹ́ ló kù, kò sí ọ̀nà àbùjá. Ẹ tún wo abẹ́ bátìrì àti àyíká pẹ́dà: ọ́ìlì bíréèkì tó ń jò máa ń bó ọ̀dà, ìpáàrà á sì tẹ̀lé e.

Sill MGB ní ìpele mẹ́ta: ti ìta, irin tó dúró ní àárín, àti ti inú, pẹ̀lú irin mìíràn tó di ìsàlẹ̀ wọn. Ibi tí ọ̀pọ̀ olùrà ti ń ṣubú nìyí. Ẹni tó fẹ́ tà á á jó sill tuntun lé orí èyí tó ti jẹrà, á kun ún, á sì máa dán. Ẹ wá ìlà tó yẹ kó wà níbi tí ìsàlẹ̀ apá iwájú ti pàdé sill, ní abẹ́ igun iwájú ilẹ̀kùn. Tí ibẹ̀ bá tẹ́jú tí kò sí ìlà kankan, wọ́n ti fi nǹkan bò ó. Atúnṣe tó bá ṣe é bó ṣe yẹ gbọ́dọ̀ ti yọ ìsàlẹ̀ apá iwájú kó tó lè dé orí sill, nítorí náà ẹ béèrè àwòrán iṣẹ́ náà. Ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn ìjókòó kí ẹ wo àpótí bátìrì. Títí di 1974, bátìrì 6 fóòtì méjì ló wà níbẹ̀, ásíìdì wọn sì ti gún ìdí ọ̀pọ̀ àpótí.

Spitfire yàtọ̀ nítorí pé ó ní ṣásíì. Èyí máa ń tan àwọn ènìyàn láti rò pé ara rẹ̀ kì í gbé nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ṣásíì Spitfire rí bí eegun ẹ̀yìn, kò ní irin ẹ̀gbẹ́ bíi ti Herald, nítorí náà sill tirẹ̀ náà ń ṣiṣẹ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, irin tó ń tọ́ táyà ẹ̀yìn kó má baà lọ síwájú sẹ́yìn so mọ́ ara ọkọ̀ gan-an, kì í ṣe mọ́ ṣásíì. Ẹ wo ibi ìsomọ́ yìí lẹ́yìn ìjókòó, ẹ wo férémù gíláàsì iwájú, kí ẹ sì wo àwọn apá kéékèèké tó nà jáde lára ṣásíì. Bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, tó gbé apá méjèèjì dání tó sì ń dojú délẹ̀ síwájú, ṣòro láti tò. Tí àlàfo rẹ̀ pẹ̀lú ilẹ̀kùn kò bá dọ́gba lápá méjèèjì, ẹ béèrè bóyá ọkọ̀ ti kọlu nǹkan rí, kí ẹ sì wo orí ṣásíì níwájú bóyá ó ti ká.

Àǹfààní tó ga nínú ṣásíì yìí ni pé ẹ lè tú ara ọkọ̀ kúrò lórí rẹ̀. Ènìyàn mẹ́rin lè gbé e. Lẹ́yìn ìyẹn, ṣásíì wà níwájú yín lórí igi, ẹ lè fọ̀ ọ́, ẹ lè jó o, ẹ lè kun ún láìdùbúlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣe sill àti ilẹ̀ rẹ̀ tán nígbà tó ṣì wà lórí ṣásíì, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ kò ní bá ojú bóòtù mu mọ́.

Tí ẹ bá máa gé sill èyíkéyìí nínú wọn, ẹ tẹ̀lé ìlànà yìí. Ẹ gbé ọkọ̀ lé orí ẹsẹ̀ irin tó dọ́gba, lábẹ́ ibi tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ti so, kì í ṣe lábẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀. Ẹ fi irin onígun mẹ́rin 25 mm jó iwájú ẹnu ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, kí òmíràn sì gba àárín ọkọ̀ kọjá láti òpó kan dé èkejì. Ẹ wọn ẹnu ilẹ̀kùn lọ́nà ìdábùú méjèèjì kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni kí ẹ gé lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ parí rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan èkejì. Ẹ lo irin 1.2 mm fún inú àti ilẹ̀, 0.9 mm fún ìta. Ẹ lu ihò 6 mm sí etí irin òkè ní gbogbo 25 sí 30 mm, kí ẹ fi iná MIG (ẹ̀rọ ìjórin oníwáyà) kún un, ẹ̀ẹ̀kan níhìn-ín, ẹ̀ẹ̀kan lọ́hùn-ún, kí iná má baà ká irin. Kí ẹ tó jó o pa pátápátá, ẹ gbé ilẹ̀kùn sí i wò, ẹ tún gbé e sí i wò. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n ná owó gọbọi lé lórí ló parí pẹ̀lú ilẹ̀kùn tí kò pa, nítorí pé ìgbà tí wọ́n kun ọ̀dà tán ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn ọ̀dà, ẹ fi ọ̀rá epo ìdènà ìpáàrà kún inú sill, láti iwájú àti láti ẹ̀yìn.

Fún MGB, ọ̀nà mìíràn wà. Láti 1988 ni British Motor Heritage, tó wà ní Witney, ti ń ṣe ara rẹ̀ tuntun láti inú irinṣẹ́ àtijọ́. Tí sill méjèèjì, ilẹ̀, àti òpó bá ti lọ, ẹ béèrè iye ara tuntun kí ẹ tó gé ohunkóhun. Ó ń yá ju bí àwọn ènìyàn ṣe rò lọ, nígbà mìíràn ó tilẹ̀ ń dín owó kù.

Ẹ́ńjìnì

A-series 1275 ló wù wá jù nínú gbogbo wọn. Ó kéré, ó le, ó sì fẹ́ràn kí á tẹ̀ ẹ́. Ọ́ìlì díẹ̀ máa ń kán lẹ́yìn rẹ̀ nítorí pé ojú ẹ̀yìn kíránkíṣáàfù kò ní rọ́bà tó dè é, ìlà yíyí ló ń dá ọ́ìlì padà. Ẹ̀kán díẹ̀ kò burú. Tó bá ń ṣàn, ìmí ẹ́ńjìnì ti dí, tàbí písítìnì ti jẹ. Nígbà tó bá gbóná, kò yẹ kí agbára tí ọ́ìlì fi ń tì (psi ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n) dín sí 40 psi ní máìlì 50 ní wákàtí kan. Nínú àwọn 1098, ẹ ka nọ́ńbà ẹ́ńjìnì: èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10CG ní bẹ́árìn tó tẹ́ẹ́rẹ́, 10CC tó tẹ̀lé e le jù ú lọ.

Ẹ́ńjìnì MGB ní bẹ́árìn mẹ́ta títí di ìparí 1964, ó di márùn-ún láti ìgbà náà. Onímárùn-ún, tí nọ́ńbà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 18GB, ni kí ẹ wá. Kì í fẹ́ eré bíi ti A-series, ṣùgbọ́n ó lè rìn jìnnà láìráhùn. Ó yẹ kó máa fi 50 psi tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ hàn nígbà tó bá gbóná lójú ọ̀nà.

Ẹ́ńjìnì Spitfire ní àìsàn kan tí ẹ gbọ́dọ̀ wò kí ẹ tó sanwó. Lẹ́yìn kíránkíṣáàfù rẹ̀, ìlàjì thrust washer méjì (òrùka irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gba ìtì) ló ń dá a dúró kó má lọ síwájú sẹ́yìn. Nígbàkígbà tí ẹ bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì, àwọn ni agbára yẹn ń tì. Tí wọ́n bá jẹ tán, wọ́n á jábọ́ sínú ọ́ìlì, kíránkíṣáàfù á sì máa gé irin ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹnì kan máa tẹ kílọ́ọ̀ṣì kó sì máa fi í sílẹ̀, kí ẹ máa wo púlì iwájú. Tí ẹ bá fi ojú rí i pé ó ń lọ tó ń bọ̀, ẹ fi ohun ìwọ̀n wọ̀n ọ́n. Ó ju 0.38 mm lọ? Ẹ yọ owó iṣẹ́ náà kúrò nínú iye tí ẹ fẹ́ san. Tí ẹ bá tètè bá a, ẹ lè pààrọ̀ wọn láti ìsàlẹ̀ láìyọ ẹ́ńjìnì: ẹ tú àwo ọ́ìlì, ẹ tú ìdè bẹ́árìn ẹ̀yìn, ẹ sì yí àwọn tuntun wọlé.

1493 cc, tó wà nínú Spitfire 1500 àti Midget tó kẹ́yìn, bẹ́árìn mẹ́ta ló ní pẹ̀lú kíránkíṣáàfù tó gùn ẹsẹ̀. Kò fẹ́ràn kí á máa sá a ní eré gíga fún wákàtí púpọ̀. Inú Midget ló ti ń jìyà jù, nítorí pé kò sí overdrive tí yóò fún un ní ìsinmi, ó sì máa ń gbóná. Ìdí rèé tí a fi sọ pé 1275 ni kí ẹ wá tó bá jẹ́ Midget. Lára Spitfire, ẹ lo ohun asẹ́ ọ́ìlì tó ní fáàfù inú tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì sàn padà. Bí kò bá sí i, ẹ ó máa gbọ́ kí bẹ́árìn máa kan gbàgbà ní gbogbo òwúrọ̀ kí ọ́ìlì tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Àlàfo tápẹ́ẹ̀tì nígbà tí ẹ́ńjìnì tutù: 0.30 mm fún Midget 1275, 0.25 mm fún Spitfire, 0.38 mm fún MGB. Fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nọ́ńbà fáàfù tó ṣí tán àti ti èyí tí ẹ ń tún ṣe gbọ́dọ̀ jẹ́ mẹ́sàn-án lápapọ̀. Nígbà tí fáàfù kẹjọ bá ṣí tán, ẹ tún ìkíní ṣe. Nígbà tí ìkẹfà bá ṣí tán, ẹ tún ìkẹta ṣe. Ẹ kọ iye tí ẹ bá sílẹ̀ kí ẹ tó yí i. Tí àlàfo kan bá ń dín kù ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá wò ó, ìjókòó fáàfù ló ń wọlé sínú irin orí ẹ́ńjìnì. Epo tí kò ní òjé ló ń fà á, nítorí pé òjé ló ń dáàbò bo ìjókòó náà tẹ́lẹ̀. Ìjókòó líle tuntun fún àwọn fáàfù èéfín ni ìwòsàn rẹ̀, nígbà tí ẹ bá fẹ́ tú orí ẹ́ńjìnì sílẹ̀ fún iṣẹ́ mìíràn.

Kábúrétọ̀ SU rọrùn láti mọ̀. Ẹ da ọ́ìlì SAE 20 sínú ìgò òkè rẹ̀. Láti bẹ̀rẹ̀, ẹ yí nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ wọlé tán, kí ẹ dá a padà ní ìyípo méjì, kí ẹ tó máa tún un ṣe láti ibẹ̀. Ẹ ṣe méjèèjì lọ́gbọọgba. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń dá kábúrétọ̀ lẹ́bi, kọ́ńtáàkì ló yẹ kí wọ́n wò: 0.38 mm, púlọ́ọ̀gì 0.64 mm.

Ẹsẹ̀ iwájú

Midget àti MGB ń lo kíńpìnì, ìyẹn pínnì tí táyà iwájú ń yí lé lórí, gíríìsì ni oúnjẹ rẹ̀, ní gbogbo máìlì 3,000. Ẹ gbé táyà sókè, ẹ di òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú, kí ẹ mì í. Tó bá ń mì, kí ẹnì kan tẹ bíréèkì. Tí mímì bá dúró, bẹ́árìn táyà ni. Tí kò bá dúró, kíńpìnì ti jẹ. Lára Midget, pínnì ìsàlẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ inú irin débi pé iná ni wọ́n fi ń yọ ọ́.

Spitfire kò fẹ́ gíríìsì níbẹ̀. Trunnion ìsàlẹ̀ rẹ̀, ìyẹn ibi tí irin òró tó gbé táyà iwájú ti ń yí, fẹ́ ọ́ìlì jíà EP90, ní gbogbo máìlì 6,000 tàbí lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Gíríìsì kì í dé ìdí okùn irin inú rẹ̀, omi ló ń dé ibẹ̀, ìpáàrà á jẹ ẹ́, irin náà á sì kán, táyà á sì ká sábẹ́ ọkọ̀. Tí ẹni tó ń ta á bá fi gíríìsì tuntun tó wà níbẹ̀ yangàn, ẹ fi owó trunnion àti irin òró méjèèjì kún ìṣirò yín.

Ẹ̀yìn Spitfire tó ṣáájú 1970 ní ìwà kan tó yẹ kí ẹ mọ̀. Tí ẹ bá yọ ẹsẹ̀ kúrò lórí epo lójijì ní àárín kọ́ńà, ẹ̀yìn á gbéra, táyà ẹ̀yìn á sì kó sábẹ́. Mk IV fi sípíríǹgì tí àwọn abẹ rẹ̀ lè yí ní àárín yanjú rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀pá ìdènà ìtẹ̀ tó nípọn sí i níwájú. Tí ẹ bá fẹ́ gbé sípíríǹgì yìí sí Mk3, ẹ gbọ́dọ̀ gbé ọ̀pá náà sí i pẹ̀lú. Ní ti MGB, bọ́ńpà dúdú ti 1974 gbé ọkọ̀ sókè bí 38 mm, wọ́n sì yọ ọ̀pá ìdènà ìtẹ̀ kúrò títí di 1976. Àwọn tó jáde láàárín ọdún wọ̀nyẹn ló ń tẹ̀ jù ní kọ́ńà. Wọ́n dínwó, wọ́n sì ṣeé dá sọ̀kalẹ̀, nítorí náà kì í ṣe ohun tó yẹ kó lé yín sá tí ara ọkọ̀ bá le.

Iná

Lucas ló ṣe ti àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àwọ̀ wáyà sì kan náà: àwọ̀ ilẹ̀ wá láti bátìrì tààrà, funfun láti kọ́kọ́rọ́, àwọ̀ ewé láti fíúùsì lẹ́yìn kọ́kọ́rọ́, búlúù fún iná iwájú, pupa fún iná ẹ̀gbẹ́, dúdú fún ìsomọ́ irin ara ọkọ̀. Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ ha gbogbo ibi tí wáyà dúdú ti so mọ́ irin. Àwọn tó ṣáájú 1967 sábà máa ń so orí bátìrì tó ní àmì + mọ́ ara ọkọ̀, òdìkejì ti òde òní. Ẹni tó bá gbé rédíò tàbí alternator òde òní sí i láìyí i padà yóò jó o.

Lójú ọ̀nà

Ní máìlì 70 ní wákàtí kan, Midget 1275 ń yí bí ìgbà 4,200 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ ò ní gbọ́ ara yín. Spitfire 1500 tó ní overdrive kò ju 3,100 tàbí díẹ̀ lé lọ, MGB tó ní tirẹ̀ náà kò yàtọ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n lójú ọ̀nà abúlé tó ń kọ́ sọ́tùn-ún kọ́ sósì, Midget ni ọba: ó kúrú, ó fúyẹ́, máìlì 40 lórí rẹ̀ dà bí 70. Ẹni tó bá ga ju mítà 1.83 lọ gbọ́dọ̀ jókòó sínú rẹ̀, kó pa òrùlé, kó sì tẹ pẹ́dà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kó tó ná ọjà. Spitfire ń yípo ní ibi tó fẹ̀ tó mítà 7.3 péré, ẹ ó mọ iyì rẹ̀ ní ojúlé tóóró ní London. MGB ní ààyè fún ẹrù àti fún ẹsẹ̀, òun nìkan la lè dábàá fún ìrìn ọjọ́ mẹ́ta láìsí àlàyé.

Frogeye dùn púpọ̀, àmọ́ kò ní ilẹ̀kùn búùtù, kò ní gíláàsì yíyí, bíréèkì dúrọ́ọ̀mù ló wà lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, owó rẹ̀ sì ga. Ẹ fi sílẹ̀ fún ìgbà kejì.

Ìdájọ́ wa

Ẹni tí gárééjì rẹ̀ kéré, tó fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́, tí ọ̀nà rẹ̀ kò sì gbà á ju ìrìn wákàtí kan: Midget 1275, tó jáde láti 1966 sí 1974. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́: Spitfire Mk IV tàbí 1500, tó ní overdrive. Bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ á ṣí tán, ẹ ó jókòó lórí táyà tún ẹ́ńjìnì ṣe, ẹ ó sì yọ gíábọ́ọ̀sì gba inú ọkọ̀ láìsí kíréènì. Ẹni tó fẹ́ máa wà á ju kó máa tú u lọ: MGB oníbọ́ńpà irin dídán, 1967 sí 1974, tó ní overdrive. Tí Midget tó wà níwájú yín bá ti jẹrà, tí Spitfire tí ara rẹ̀ le sì wà ní òpópónà kejì ní iye kan náà, ẹ gbàgbé ohun tí a sọ yìí kí ẹ ra Spitfire.

Àwọn ará wa ní Gẹ̀ẹ́sì, ọkọ̀ tó ti lé ní 40 ọdún lè bọ́ lọ́wọ́ owó orí ọkọ̀ àti àyẹ̀wò MOT ọdọọdún, tí wọn kò bá ti yí i padà púpọ̀, tí ẹ bá sì ti fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ àtijọ́. Irú rẹ̀ kì í san ULEZ, owó tí wọ́n ń gbà lórí ọkọ̀ tí èéfín rẹ̀ pọ̀, ní London. Síbẹ̀, ẹ gbé e lọ fún MOT lọ́dọọdún. Ojú mìíràn lábẹ́ ọkọ̀ kò burú. Ní Amẹ́ríkà, ẹ wá èyí tó ti gbé ní ilẹ̀ gbígbẹ bíi Arizona tàbí ìhà gúúsù California. Tí kábúrétọ̀ MGB bá jẹ́ Zenith-Stromberg ẹyọ kan, SU méjì á bá a mu.

Kí ẹ tó wà á fún ìgbà àkọ́kọ́

Ẹ ka nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ DOT lára táyà: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì tó tẹ̀lé e ni ọdún. Tó bá ti pé ọdún mẹ́wàá, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, bó tilẹ̀ ṣì ní ojú. Ẹ da ọ́ìlì bíréèkì àtijọ́ nù, ẹ fi DOT 4 kún un, kí ẹ sì pààrọ̀ gbogbo họ́ọ̀sì rọ́bà bíréèkì. Ẹ lo ọ́ìlì ẹ́ńjìnì 20W-50 ti ọkọ̀ àtijọ́, tó ní zinc fún tápẹ́ẹ̀tì. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, E10, epo tí ẹ́tánọ̀ọ̀lù rẹ̀ lè tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ni epo 95 ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹ́tánọ̀ọ̀lù inú rẹ̀ sì máa ń jẹ họ́ọ̀sì àtijọ́: ẹ ra epo E5 tó jẹ́ 97 sókè, kí ẹ sì pààrọ̀ gbogbo họ́ọ̀sì epo sí èyí tí wọ́n kọ R9 sí lára. Lẹ́yìn máìlì 50 àkọ́kọ́, ẹ dì gbogbo nọ́ọ̀tì táyà lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ sì wo abẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì bóyá ibì kan ń jò.